Omi Tí Kò Rùn Mọ́

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ ná pé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ mọ ibi tí inú rírun tó wọ àdúgbò ìsàlẹ̀ ti wá. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun náà ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wolé-wolé pé búrẹ́dì ni.

Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ wá kí i níbi iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mu omi, ó yínmú lójú gbogbo òṣìṣẹ́. “Ọkọ mi, omi rẹ yìí ń rùn bí ọsibítù. Ṣé mímu ni, àbí ká fi wẹ egbò?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá Ọsibítù ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, ọkùnrin tí ẹ̀wù funfun rẹ̀ le gbagidi láti ìdí áyọ́ọ̀nù, tí omi kì í ta sí. Ni òun fúnra rẹ̀ bá lọ dín oògùn apakòkòrò tí ẹ̀rọ ń dà sínú omi kù. Díẹ̀ ṣáá ni, ó ní.

Bẹ́ẹ̀, oògùn inú omi dà bí owó ọ̀nà: bó ṣe ń rin páìpù lọ ló ń tán. Kó tó dé àdúgbò ìsàlẹ̀, níbi tí páìpù pin sí, tí ìyá rẹ̀ ń gbé, kò ku nǹkan kan.

Àwọn èèyàn yìn ín pé omi dùn bí omi òjò. Nígbà tí òjò wá rọ̀ lóòótọ́, tí odò dàrú, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun fi kún oògùn. Ọwọ́ rẹ̀ dé orí ẹ̀rọ. Ó rántí ìyìn, ó fà á padà.

Àìsàn bẹ́ sílẹ̀. Búrẹ́dì ni ọ̀gá dárúkọ fún wolé-wolé, wọ́n sì ti ilé búrẹ́dì pa. Nígbà tó pàdé oníbúrẹ́dì lójú ọ̀nà, ọkùnrin náà tún dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́ bá òun wádìí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà yẹn ni oúnjẹ ti kọ̀ láti lọ lọ́fun ọ̀gá. Ẹ̀bi ò sì ṣé fi omi tì. Ó yọ́ lọ dá oògùn padà sí iye tó wà tẹ́lẹ̀, kò wí fún ẹnikẹ́ni.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí i pé ìyá rẹ̀ wà lórí ìdùbúlẹ̀. Ó bá wolé-wolé níbẹ̀, tó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, tó ń bi ìyá ní ohun tó jẹ àtohun tó mu. Ọ̀gá ti pinnu lọ́nà pé òun á jẹ́wọ́. Ó la ẹnu, ohun tó sì jáde ni pé, “Màmá, búrẹ́dì yẹn ni, àbí?”

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Búrẹ́dì kẹ̀? Pẹ̀lú eyín tó ń ro mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí mi ò lè jẹ nǹkan kan?” Ó yíjú sí wolé-wolé, ó na ìka sí ọ̀gá, inú rẹ̀ ń dùn. “Omi ọmọ mi yìí nìkan ni mò ń mu.”