Ara Tó Kọ Òwú

"Sìmbíátù! Ṣé sísín lo wá sín níbẹ̀ ni, àbí òwú lo wá ṣà?"

Ojú àgbàlá ni Àwáwù ti ń pariwo, ó ń fọ aṣọ. Sísín náà kò dáwọ́ dúró, ọ̀kan ń gun orí èkejì títí ó fi sú ẹni tó ń gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, Sìmbíátù fi ọwọ́ ti òpó ilẹ̀kùn jáde sí ìta. Ojú rẹ̀ wú, ó pọ́n bí ẹni tí wọ́n fi ata ra lójú. Irun òwú lẹ̀ mọ́ ọn lórí, àyà rẹ̀ sì ń ké fíìn-fíìn.

"Ẹ má bínú, ìyálé mi. Bí mo bá ti gbọ̀n ọ́n báyìí, ńṣe ni imú àti ọ̀fun mi á máa yún mi, àyà mi á sì há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ baálé. Kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ sóko."

Ọkọ Àwáwù ni baálé tó ń wí. Ìyàndá ń ra òwú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó sì ń kó o fún òyìnbó oníṣòwò tó kọ́lé ìkẹ́rù sí ẹ̀bá ojú irin. Kò tíì pẹ́ tí ọkọ̀ ojú irin dé Ẹdẹ nígbà náà, òyìnbó kò sì gba òwú tó bá ní ìdọ̀tí. Nígbà tí Ràṣídì, àbúrò Ìyàndá, kú, Sìmbíátù aya rẹ̀ ni wọ́n ní kó jókòó sínú yàrá òwú, yàrá tí kò ní fèrèsé, kó máa gbọ̀n ọ́n, kó máa ṣa ewé gbígbẹ kúrò nínú rẹ̀. Opó kì í yan iṣẹ́, wọ́n ní.

Àwáwù mọ̀ pé Sìmbíátù kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wa iṣu lóko lásìkò ìkórè. Sìmbíátù ru iṣu láti òwúrọ̀ di àṣálẹ́, ó ń kọrin, kò sín, àyà rẹ̀ kò ké. Ṣùgbọ́n bó ti padà dé tó ṣí ilẹ̀kùn yàrá òwú báyìí, ó di háṣìn-ín! Ojú Àwáwù ló ṣe.

Àmọ́ Ìyàndá ti ń sọ ọ́ lẹ́nu pé òun yóò ṣú opó náà, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti di egungun ẹja lọ́fun ìyálé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyàndá fúnra rẹ̀ ló béèrè bó ti ń jẹun. "Àwáwù, mo ń gbọ́ tí ìyàwó Ràṣídì ń wúkọ́. Ṣé kì í ṣe pé ara rẹ̀ kọ òwú? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sóko, ká wá ẹlòmíràn."

Àwáwù bu omi ìṣanwọ́ fún un. "Ọ̀lẹ ló ń ṣe é, ọkọ mi. Bí ẹ bá gbà fún un lónìí, lọ́la ẹ óò máa gbé oúnjẹ kò ó lórí ẹní."

Ìyàndá rẹ́rìn-ín, kò bi í mọ́. Òwú pọ̀ nílẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní òwúrọ̀, Àwáwù sọ fún opó náà pé, "Mo bẹ̀ wọ́n títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Wọn kò gbà."

Sìmbíátù kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, ìyálé mi. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ọyẹ́ dé, òwú kún ilé. Wọ́n gba yàrá Sìmbíátù mọ́ ọn lọ́wọ́, ó wá ń sùn láàárín àwọn àpò òwú. Ikọ́ náà wọlẹ̀ sí àyà. Ibà gorí rẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi irin tó dógùn-ún, bó bá sì fẹ́ mí, á di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. Jìnnìjìnnì bo Àwáwù. Ó gbé e lọ sí yàrá tirẹ̀, ó se àgbo, ó ń fi ẹ̀kọ mímu sí i lẹ́nu. "Ẹ ṣeun," ni Sìmbíátù ń wí ṣáá, pẹ̀lú èémí tí kò tó.

Àwáwù kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Sìmbíátù, ní ti ọ̀rọ̀ tí mo ní mo bá baálé sọ..."

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ̀yin gbìyànjú."

Àwáwù tún fi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó kírun ọ̀sán, Sìmbíátù ti kú.

Àpèkẹ́, ìyá rẹ̀, wá láti Sẹ̀kọ̀nà. Kò kí Ìyàndá. Ó kọjá lára rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Àwáwù, tòun ti ewú orí.

"Ìyálé ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ó ránṣẹ́ sí mi pé ẹ bẹ̀bẹ̀ fún òun, pé ẹni tí ẹ bẹ̀ ni kò gbọ́. Àyà tí òwú ti fi sísín tú palẹ̀, òtútù kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ibẹ̀."

Àwáwù fà á lọ́wọ́ dìde, ó tẹ́ ẹní fún un.

Nígbà tí ìyá arúgbó náà ti lọ, Ìyàndá yíjú sí aya rẹ̀. "Ọjọ́ wo lo bẹ̀ mí?"

Àwáwù bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní náà. Ìyàndá kò sì tún bi í, nítorí òun náà ti gbọ́ ikọ́ yẹn láti ẹ̀yìn ògiri láti ìgbà tí ọyẹ́ kò tíì dé.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, òwú ṣì kù nílẹ̀. Àwáwù ró aṣọ rẹ̀ le, ó wọ yàrá òwú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó gbọ̀n òwú títí eruku fi bo yàrá bí kùrukùru. Ó ki ojú bọ̀ ọ́, ó fa èémí wọlé, ó ń retí kí imú yún òun, kí àyà òun há.

Ìrọ̀lẹ́ ló jáde, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ìyàndá yẹ òwú náà wò, inú rẹ̀ dùn.

"Èyí mà mọ́ o! Àwáwù, ìwọ ni ara rẹ gba iṣẹ́ yìí."

Kò sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.