Ẹnu Ṣáájà Tí Ọmọ Fi Ránṣẹ́

Bí ó bá gbé wáyà náà sókè díẹ̀, iná á wọlé. Bí ó bá mí báyìí, iná á lọ. Láti àárọ̀ ni Màmá Onídìrí ti jókòó ti fóònù rẹ̀. Ó ti fi rọ́bà dè é, ó ti fi ìgò òróró irun tẹ wáyà mọ́lẹ̀, ó tilẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹní ń bẹ ọmọ tó kọ oúnjẹ. Ẹnu ibi tí ṣáájà ń wọ̀ ti fẹjú, kò gba nǹkan kan dúró mọ́. Ìyá náà kò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí àmì bátìrì bá ti pupa, ọ̀rọ̀ ti ń bùṣe.

Kì í ṣe pé kò ní ẹnu mìíràn tí yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ, nínú páálí pẹlẹbẹ kan tí kò tíì já láti ọdún tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ra fóònù tó ń lò yìí fún un kí ó tó rìnrìn àjò lọ sókè òkun, irú èyí tó ṣeé tú sí wẹ́wẹ́, tí a lè yọ bátìrì rẹ̀, ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀, kí a fi tuntun síbẹ̀.

"Màámi, ẹ ò ní í ra òmíràn mọ́," ọmọ náà wí nígbà náà. "Ibi tó bá bàjẹ́ nìkan lẹ ó máa pààrọ̀."

Ọdún kẹfà rèé tó ti lọ. Lọ́dún tó kọjá, ìyá ní kí ó wá sílé kí òun fojú kàn án. Ọmọ ní wọn ò fún òun ní ìsinmi níbi iṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, páálí dé: ẹnu ṣáájà tuntun, ọmọ ló ṣàlàyé, èyí tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó sì ń yára gba iná. Inú bí ìyá. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, ó ní, "Ojú rẹ ni mo ní kí n rí, ẹnu fóònù lo fi ránṣẹ́ sí mi. Ọjọ́ tí o bá ń bọ̀ nílé ni kí o tó pè mí."

Láti ọjọ́ náà, ọmọ kò pè. Ìyá náà kò pè. Ta ló bí ẹnì kejì? Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí fóònù náà kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Lónìí, ó ṣí àpótí, ó mú páálí, ó kọrí sí ọ̀dọ̀ atúnfóònùṣe tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Obìnrin ni, ọwọ́ rẹ̀ kò wúwo lórí iṣẹ́, ìyẹn ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ọwọ́fúyẹ́. Awò ojú rẹ̀ wà lórí irun, àwọn síkúrù wínníwínní sì wà níwájú rẹ̀ nínú páálí ẹyin, ihò kọ̀ọ̀kan fún fóònù kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàsán o, Màmá. Ṣé kò sí ẹni tó fẹ́ dirí lónìí ni?"

"Orí wà. Èyí tó wà lọ́rùn rẹ yẹn gan-an ń wá ẹni tó máa ro ó. Ó ti di igbó."

"Àwọn oníbàárà ò wo orí mi, Màmá. Ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò."

"Ẹ̀rù orí yẹn ló ń bà wọ́n."

Ọwọ́fúyẹ́ rẹ́rìn-ín, ó já páálí. Ẹnu ṣáájà náà kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, irin tí wọ́n fi ń tú síkúrù sì wà pẹ̀lú rẹ̀. "Irú èyí tó dáa báyìí, ẹ wá ń fìyà jẹ wáyà láti ọjọ́ yìí?"

"Tún un ṣe. Má bi mí."

Ó fi èékánná ṣí ẹ̀yìn fóònù. Bí ó ti fẹ́ pa á, ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má pa á."

"A gbọ́dọ̀ pa á, Màmá. Bátìrì ló máa kọ́kọ́ jáde." Ó wo ojú ìyá náà. "Nọ́ńbà tó fi ń ṣí ńkọ́?"

"Àtàǹpàkò mi ló fi ń ṣí. Kò tíì kú rí."

"Bó bá ti kú tó tún jí, kò ní gba àtàǹpàkò. Nọ́ńbà mẹ́rin ló máa béèrè. Ta ló fi síbẹ̀?"

"Ọmọ mi."

"Ẹ pè é, kó sọ fún wa. Iná díẹ̀ ṣì wà."

Ìyá náà gba fóònù. Ó fi àtàǹpàkò lé e, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwòrán ọmọ náà yọ, ó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀wù òtútù. Ìka ìyá dúró lókè àwòrán náà.

"Ẹ ń bára yín jà ni?" Ọwọ́fúyẹ́ béèrè pẹ̀lẹ́.

"A ò jà. A ò kàn bára wa sọ̀rọ̀ ni." Ìka rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. "Ó pé ọdún kan. Kí n wá pè é lónìí, kí n ní kí ni? Pé nọ́ńbà ni mo ń wá?"

Ibi tó ti ń rò ó ni fóònù ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọwọ́fúyẹ́ ló wá sọ òótọ́ tó wà níbẹ̀: bí nọ́ńbà náà kò bá jáde, ńṣe ni wọ́n máa nu gbogbo inú fóònù kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Ohùn ọdún mẹ́fà, àwòrán, àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ọmọ náà, tí kò sí lórí ìwé kankan, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ.

Ó yọ bátìrì. Ó tú síkúrù, ó tú òmíràn, ó yọ ẹnu àtijọ́ tó ti dúdú, tó ti dípẹtà. Ó to tuntun síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó dún kẹ́. Nígbà tó dá bátìrì padà, tó ki wáyà bọ̀ ọ́, iná wọlé, kò lọ. Ó gbọn wáyà, kò lọ. Lọ́jọ́ mìíràn, ìyá ì bá yọ̀. Fóònù jí, ó béèrè nọ́ńbà.

"Mi ò mọ nọ́ńbà," ìyá wí, "ṣùgbọ́n mo rí ìka ọmọ mi nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́."

Ó nawọ́ kọjá tábìlì, ó ń júwe fún un: ibí, ibí, ìsàlẹ̀, ibí. Ọwọ́fúyẹ́ tẹ̀ ẹ́. Fóònù gbọ̀n, ó kọ̀. Wọ́n tún un tẹ̀. Ó kọ̀.

"Dúró," ìyá wí. "Ibi tí mo wà lọ́jọ́ yẹn kọ́ nìyí." Ó yí tábìlì ká, ó jókòó sórí àga Ọwọ́fúyẹ́, ó ya ẹsẹ̀. "Wá jókòó sílẹ̀ níbí."

"Màmá, ilẹ̀ kẹ̀?"

"Ilẹ̀. Láàárín orúnkún mi. Gbé e sókè, bí ẹni ń wo dígí."

Ọwọ́fúyẹ́ jókòó. Ìyá ti orí rẹ̀ síwájú díẹ̀, bó ṣe ń ti orí gbogbo èèyàn, ọwọ́ rẹ̀ sì wọ inú irun láìjẹ́ pé ó rán an. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọmọ náà rìnrìn àjò, ó jókòó báyìí sáàárín orúnkún ìyá rẹ̀, ìyá ń dirí fún un, òun ń to fóònù. Òróró ń dán létí rẹ̀. Ìyá la irun láti iwájú orí dé ìpàkọ́, ojú rẹ̀ sì wà lórí ìka ọmọ náà tó ń rìn lókè irun náà.

"Òkè pátápátá, lápá ọ̀tún," ó wí. "Wá sáàárín. Sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ tó dá wà yẹn. Padà sáàárín."

Fóònù ṣí.

Ọwọ́fúyẹ́ fẹ́ dìde. Ìyá ní kó má tíì dìde, torí pé ìlà mẹ́ta ti jáde lórí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀. Ó wo fóònù lókè orí tí kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀. Kò sí ìpè kankan níbẹ̀. Ohùn wọn ṣì tò sílẹ̀ gbọọrọ, tirẹ̀ tó fi bínú lọ́dún tó kọjá ló kẹ́yìn.

"Tẹ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ fún mi."

Ọwọ́fúyẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sókè sí i.

"Ìyá rẹ ni," ìyá wí. Ó di irun kan parí. "Ẹnu ṣáájà tó o fi ránṣẹ́, a ti fi síbẹ̀ lónìí. Ó bá a mu. Ó ń gba iná dáadáa." Ó fọwọ́ tẹ ìlà náà mọ́lẹ̀. "Mo ṣì mọ bí ọwọ́ rẹ ṣe ń rìn."

Ohùn náà lọ.

"Ẹ ò ní kó wá sílé?" Ọwọ́fúyẹ́ béèrè.

"Ó mọ̀."

Ó mú òmíràn nínú irun, ó ń là á. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó lọ yẹn, ọmọ náà tẹ nọ́ńbà yìí nígbà mẹ́ta, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, apá rẹ̀ nà sókè títí ó fi ń gbọ̀n. Ìyá bá a wí pé kó sọ ọwọ́ kalẹ̀, pé ó ń di òun lójú. Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé fóònù sókè bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ ojú ara rẹ̀ nìkan ló fẹ́ kó rí i.