Ẹ̀bùn Tó Wà Lórí Mi-rang

Nínú géèmù orí kọ̀ǹpútà tí Pyo Mi-rang ń gbá, bí ẹgbẹ́ kan bá bínú sí èèyàn, wọn a gbé ẹ̀bùn lé e lórí, ọdẹ tó bá pa á ni yóò gbà á. Mi-rang, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ kan níbẹ̀, ló kọ òfin rẹ̀, òun ló sì ń fọwọ́ sí ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọdún mẹ́fà ló fi ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń rẹ́ ara wọn jẹ, tó sì ń dí ihò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn kan ń jẹ́ kí ọ̀rẹ́ wọn pa wọ́n kí wọ́n lè jọ pín ẹ̀bùn, ó ṣòfin pé ọmọ ẹgbẹ́ kan náà kò gbọdọ̀ gba ẹ̀bùn orí ara wọn, àti pé ẹni tó bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ọjọ́ méje kó tó ṣọdẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ méje ti pọ̀ jù,” ni Tak Se-hun, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, wí lóṣù tó kọjá. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n jọ máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn ibùdó rélùwéè Jeonju. “Ó ń ni àwọn ọmọ tuntun lára. Ẹ sọ ọ́ di wákàtí kan.”

“Àwọn ọmọ tuntun ni, àbí ìwọ?”

“Èmi kẹ̀? Ta ló máa ra núdùsì raméyọ̀n fún mi níbòmíì?”

Ìṣe Mi-rang ni láti kọ́kọ́ ronú bí olè ṣe máa lo òfin kó tó gbé e jáde. Lọ́jọ́ yẹn kò ronú olè kankan, torí Se-hun ló bẹ̀ ẹ́; ó sọ ọjọ́ méje di wákàtí kan.

Ní Wẹ́sídeè tó kọjá, ẹgbẹ́ kan tí Mi-rang ti fi ẹ̀bùn dù rí fi ẹṣin funfun ṣe ẹ̀bùn lé òun fúnra rẹ̀ lórí. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ orúkọ rẹ̀ sí pátákó ẹ̀bùn. Òfin ò mojú ẹni tó kọ ọ́.

Nígbà tó di Sátidé, ó sá pamọ́ sínú ihò òkè kan nínú géèmù, tí òun àti Se-hun nìkan mọ̀. Se-hun ló ra raméyọ̀n lọ́jọ́ náà.

“Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n. Màá ṣọ́ yín.”

Mi-rang gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì, ó mú igi ìjẹun, ó ń sọ̀rọ̀ orúnkún ìyá rẹ̀ tó ń dùn ún. Nígbà tó máa gbójú sókè, ó ti kú nínú géèmù. Orúkọ Se-hun ló wà níbẹ̀ pé òun ló pa á. Ó ti kúrò lẹ́gbẹ́ láti wákàtí kan ó lé ìṣẹ́jú méjì.

“Se-hun.”

“Géèmù ni, ẹ̀gbọ́n.” Kò wojú rẹ̀. “Ẹnì kan ṣáà máa gbà á.”

“Ṣé torí ẹ̀ lo ṣe ní kí n dín ọjọ́ kù?”

Se-hun ń ro ọbẹ̀ rẹ̀ ṣáá. “Mo ti gbọ́ nígbà yẹn pé wọ́n ń wá ẹṣin náà láti gbé lé yín lórí.”

Ìbéèrè Se-hun fún ẹ̀bùn náà yọ síwájú Mi-rang kó fọwọ́ sí i: gbà, tàbí kọ̀. Bó bá kọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Ó yẹ òfin wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí àbùkù kankan. Ó tẹ gbà, ẹṣin funfun sì yọ lábẹ́ Se-hun.

“Mo mọ̀ pé ẹ ò ní bínú. Mo ti béèrè láti padà wọ ẹgbẹ́ wa o, ẹ ṣílẹ̀kùn.”

“Mo rí i. Òfin ò sọ pé dandan ni kí n ṣí i.”

Ó dá wákàtí kan padà sí ọjọ́ méje, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì bí olè ṣe máa kà á. Lẹ́yìn náà ó fi raméyọ̀n sílẹ̀ kó máa wú nínú abọ́, ó sì kó lọ sídìí kọ̀ǹpútà igun yàrá, níbi tí kò sí àga kejì.