Nọ́ọ̀tì Ìdí Sílíńdà

Tún-un-wò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí bó bá ti ilẹ̀kùn tán, á tún padà lọ fọwọ́ kàn án. Páìpù ló ń so. Ọkọ̀ abẹ́ omi kan ni wọ́n ń kàn níbẹ̀, kì í gbé èèyàn, kò sì gùn ju ibùsùn ọmọdé lọ. Bátìrì ló ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà kó tó rẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tuntun sí i nínú. Háídírójìn ń bọ̀ láti inú sílíńdà kan, ọ́síjìn láti inú èkejì. Bí wọ́n bá pàdé nínú ẹ̀rọ náà, iná mànàmáná dé, omi lásán ló sì ń ṣẹ́kù.

Háídírójìn yìí ló ń ba Tún-un-wò lẹ́rù. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń bọ̀? Gáàsì ìdáná ti jó o lápá rí. Ẹni ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀gá ibẹ̀, òun ló mú un wọṣẹ́. Ó ti kìlọ̀ fún un pé bí ọwọ́ kò bá lè yí nọ́ọ̀tì mọ́, kó fi sípánà yí i lẹ́ẹ̀kan àti díẹ̀ sí i, kó sì fi í sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dán ọkọ̀ náà wò, wọ́n kọ́kọ́ fi gáàsì tí kì í jó kún àwọn páìpù, wọ́n sì fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé wọn kí wọ́n lè rí ibi tó bá ń jò. Gbogbo wọn dákẹ́ àfi èyí tó wà nídìí sílíńdà háídírójìn. Ó ń hó bí ẹnu ọmọ tó ń fọ eyín. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó ní ó jọ pé àwọn òrùka irin tí wọ́n fi ń dí i kò dáa, pé kí wọ́n dá gbogbo páálí rẹ̀ padà fún ẹni tó tà á, kí wọ́n sì sún ìdánwò náà síwájú.

Nírọ̀lẹ́ àná, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, ẹ̀rù ló mú Tún-un-wò padà sídìí nọ́ọ̀tì yẹn. Bó bá sọ ọ́, wọ́n lè ní kó lọ máa ṣọ́ géètì. Bó bá dákẹ́, òrùka tó dáa ni wọ́n fẹ́ dá padà yẹn. Ó wúkọ́.

"Ọ̀gá, òrùka ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo tún un yí."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀kan." Ó wolẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì."

Bàbá tó ń jó irin pọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé nọ́ọ̀tì lò ń dè ni, àbí ọrùn adìyẹ lò ń fún?"

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó tú nọ́ọ̀tì náà: òrùka inú rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, kò lè dí ihò mọ́. Ó wá pè é bó ṣe ń pè é nílé.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀rù yín ló ń jò níbí o, kì í ṣe páìpù."

Ó fún un ní òrùka tuntun, ó sì fi máákà fa ìlà sára nọ́ọ̀tì àti sára ìdí rẹ̀, pé bí ìlà méjèèjì bá ti pàdé, kó dúró. Tún-un-wò yí i. Nígbà tí ìlà pàdé ìlà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi díẹ̀ sí i. Ó ki sípánà bọ àpò. Wọ́n pa ọṣẹ, kò hó. Wọ́n wá tú háídírójìn sí i, wọ́n tún pa ọṣẹ, kò hó náà.

Nígbà tí wọ́n sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ sínú adágún ńlá tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ, ẹnu ọ̀nà ni Tún-un-wò dúró sí. Bàbá ajórin bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀, ó ní atẹ́gùn lòun ń gbà. Ọkọ̀ náà ń yí po nísàlẹ̀, kò dún, kò rú omi. Díẹ̀díẹ̀, láìmọ̀, Tún-un-wò ti rìn dé etí omi.

Ọ̀gá wá bá a níbẹ̀, ó ní páìpù ọkọ̀ kejì tí wọ́n fẹ́ kàn ń dúró dè é. Tún-un-wò béèrè bóyá òun lè máa fa ìlà náà fúnra òun.

Ọ̀gá ní kó máa fà á, àmọ́ kó má ṣe padà wá fa òmíràn nírọ̀lẹ́.