Àlàfo Nínú Fọ́ọ̀mù Tíṣà Zakari

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà Zakari fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Òyìnbó nílùú Ìlọrin kó tó fẹ̀yìn tì. Hàlímọ̀tù, ìyàwó rẹ̀, kú lọ́dún tó kọjá. Òkè òkun sì ni àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà. Láti ìgbà náà, òun nìkan ló ń dá gbé ilé wọn ní àdúgbò Fate.

Nígbà tí ojú ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà á. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Màsúdát na fọ́ọ̀mù sí i. Tíṣà ń kọ ọ́ lọ geere títí ó fi kan ibi tí wọ́n kọ "Companion" sí. Bírò dúró.

"Orúkọ ẹni tó máa sìn yín relé ni, Bàbá. Àbí ọ̀rọ̀ yẹn ò yé yín?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ mi ni. Inú Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ló ti wá. 'Com' ni pẹ̀lú, 'panis' ni búrẹ́dì. Ẹni téèyàn ń bá jẹ búrẹ́dì ni. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹbí. A lè lò ó fún ẹni tí a jọ ń rìnrìn àjò. Ohun tí àwọn alfa ń pè ní sàhábà náà nìyẹn."

"Màṣàá Allàhù! Ta wá lẹ ń bá jẹun nílé, Bàbá?"

Tíṣà wo àlàfo náà. Ó ká fọ́ọ̀mù náà sápò, ó lóun ń bọ̀ lọ́la.

Lẹ́yìn ìrun alaásárì, ó lọ kanlẹ̀kùn ọ̀gbẹ́ni Àjàyí, aládùúgbò rẹ̀, ará Ọ̀mù-Àrán tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń kí ara wọn lójú ọ̀nà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó wọlé ẹnì kejì rí nínú wọn. Ojú ń tì í bó ṣe ń ṣàlàyé ohun tó gbé e wá.

"Ọjọ́ wo ni?" ni Àjàyí bèèrè.

"Alàmísì."

"Màá gbàyè níbi iṣẹ́. Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀, sà."

Lọ́jọ́ Alàmísì, Àjàyí jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn láti àárọ̀ títí wọ́n fi parí iṣẹ́ abẹ náà. Ó di Tíṣà lọ́wọ́ mú wọ táásì, ó sìn ín dé yàrá, ó gbé omi àti oògùn sítòsí rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ yọjú síbi iṣẹ́, òun yóò padà nírọ̀lẹ́.

Ilẹ̀kùn pa dé. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ó rántí pé nọ́ọ̀sì ní omijé ò gbọdọ̀ kan ojú náà. Ó gbé ẹkún náà mì. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń fetí sí títì, bóyá òun yóò dá ìró ẹsẹ̀ Àjàyí mọ̀.