Ìka Tó Ń Jẹ́ Ṣùgbọ́n

"Bẹ́ẹ̀ni" ni àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kò sí ohun tí wọn yóò bi í tí ìdáhùn rẹ̀ yóò ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, òun náà kò sì gbé agbọ̀n kankan dání. Àmọ́ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì alẹ́nusọ kò mọ òwe. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi níbẹ̀ torí ìdáhùn kúkúrú. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á nílùú tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun sì ti kọ̀wé pé bí kò bá yege lẹ́ẹ̀kẹta yìí, àwọn yóò mú ẹlòmíràn. Ọdún méjì rèé tó ti fojú kan ọmọ náà kẹ́yìn.

Tíṣà tó ń kọ́ ọ ní kó na ọwọ́ òsì, kí ìka kọ̀ọ̀kan di ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ kan: àtàǹpàkò ni "nítorí pé", ìfábẹ̀lá ni "bí àpẹẹrẹ", ìka àárín ni "ṣùgbọ́n", ìka òrùka ni "nítorí náà".

"Tẹ́ ẹ bá ti dáhùn, ẹ má dúró," ni tíṣà wí. "Ẹ fọwọ́ kan ìka, kẹ́ ẹ máa bọ́rọ̀ lọ."

Ó na ọwọ́ náà. Kùkùté ni ìka àárín. Ayùn oníná ló gé e lọ́dún tó kọjá. Ojú ti tíṣà, ó fẹ́ pààrọ̀ ìka.

"Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀," ni Bẹ́ẹ̀ni wí. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi dánra wò, "ṣùgbọ́n" yẹn nìkan ló máa ń gbàgbé.

Yàrá ìdánwò kéré: tábìlì kan, àga méjì, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí iná pupa ń tàn lára rẹ̀. Obìnrin tó ń dán an wò rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rù tún wá bà á sí i.

"Ṣé ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yín?" ló bi í lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Obìnrin náà ń wò ó. Ó fọwọ́ kan àtàǹpàkò lábẹ́ tábìlì, ó ní: nítorí pé bàbá òun ló kọ́ òun níṣẹ́ náà. Ìfábẹ̀lá: bí àpẹẹrẹ, ibùsùn tí ọmọ òun kọ́kọ́ sùn lé, òun ló kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ wá kan kùkùté. Ẹ̀rù kan wà níbẹ̀ tí kò tíì sọ fẹ́nikẹ́ni, kódà fún ìyàwó rẹ̀; ohun tó sọ fún un kò ju pé ọgbẹ́ ti jinná lọ.

"Ṣùgbọ́n," ló wí, "ayùn ń bà mí lẹ́rù. Láràárọ̀, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n tó lè wọlé lọ tàn án. Nítorí náà, mo máa ń dé ṣáájú gbogbo èèyàn, kí wọ́n má bàa rí mi."

Ó yege. Lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́tà ilé iṣẹ́ dé: ìdí ayùn ńlá ni wọ́n fi í sí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó rẹ̀ pè.

"Olówó orí mi, iṣẹ́ tí wọ́n fún yín yẹn, ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó ń gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń fò sókè sódò lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀rù bà á ju ti yàrá ìdánwò lọ. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń wá kùkùté náà kiri títí ó fi rí i.

"Ṣùgbọ́n," ló wí.