Èèkù Tuntun fún Ìbọn Maurice

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Céline, ìbọn bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì já sínú ìkòkò ọbẹ̀. Kò sí ẹni tó wà ní ìlú Atakpamé lọ́jọ́ náà tí kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Nínú ìdílé Maurice, ọkọ ló máa ń yin ìbọn fún aya rẹ̀ tó kú: ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ tí ọdún bá pé tí wọ́n bá ń bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ẹ̀tù lásán ni wọ́n ń kì sí i, kò sí ọta níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yìn ín. Bí ẹlòmíràn bá bá a yìn ín, wọ́n á ní obìnrin náà dá lọ, pé ẹni tó fẹ́ ẹ kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Maurice yìn ín lóòótọ́, ìbọn sì dún. Àmọ́ bó ti ń dún ló ta kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò kọjá lórí katikísì ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó ń gbàdúrà, ó sì wọ inú ọbẹ̀ ewúrẹ́ tí àwọn obìnrin gbé kaná. Wọ́n fi ṣíbí ńlá yọ ọ́. Wọ́n sì jẹ ọbẹ̀ náà, nítorí ewúrẹ́ kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń dà nù. Florent, àbúrò Céline láti Akparé tí í ṣe ìlú bàbá wọn, bu ẹ̀ẹ̀mejì, ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀tù lè ṣiṣẹ́ ata.

Ìbọn ọ̀hún dàgbà ju Maurice lọ. Ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń ti ẹnu rọ ẹ̀tù sí. Bàbá Maurice máa ń sọ pé àwọn Jámánì ló gbàgbé rẹ̀ sí Kamina nígbà tí wọ́n ń fọ́ ilé wáyà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sílùú wọn, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Gbogbo irin tó bá ti dípẹtà lágbègbè náà ni wọ́n máa ń ní ó ti Kamina wá, títí kan agbada tí ìyá Maurice fi ń yan ẹ̀pà. Maurice kò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé ohun tí ọmọ ogun Jámánì ń fi agbada ẹ̀pà ṣe.

Ibi yòówù kí ìbọn náà ti wá, èèkù rẹ̀ ti joro bí ọrùn adìyẹ tí wọ́n bọ̀, òógùn ìran mẹ́ta sì ti mú un dán. Ní ti ọwọ́ Maurice, làkúrègbé ti fìdí múlẹ̀ síbẹ̀. Ìka méjì kò ká mọ́ láti ọdún mẹ́ta. Bó bá di ìbọn náà mú, bí ìgbà tí ènìyàn di ẹja tútù mú ni.

Nígbà tó ku oṣù kan kí ọdún pé, Florent ránṣẹ́ láti Akparé. Ó ní kí àna òun má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, òun á gbé ìbọn gígùn ẹlẹ́nu méjì tòun wá, òun á sì bá a yìn ín, kí àwọn ènìyàn lè jẹ ọbẹ̀ tí kò ní irin nínú. Maurice ti ṣe akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wọn òwú fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó sì mọ ìwé tí a ń dáhùn àti èyí tí a kì í dáhùn. Ó fi aṣọ ìnura di ìbọn náà, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó gun alùpùpù akérò lọ sí Agbonou.

Ọ̀pá náà kì í ṣe ọ̀pá. Ọmọ odó Céline ni. Láti ọjọ́ tí obìnrin náà ti kú ni Maurice ti ń fi tẹlẹ̀. Ó wúwo, ó ga dé àyà rẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì máa ń bi í bóyá iyán ló fẹ́ lọ gún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibì kan wà lára igi náà tí àtàǹpàkò Céline ti jẹ wọlé fún ọdún mọ́kànlélógójì. Ibẹ̀ ni Maurice máa ń fi ọwọ́ sí.

Ọkùnrin tó wá rí ní Agbonou ń jẹ́ Àbdùlsàmàd. Bàbá rẹ̀ ló ti Ṣakí wá tajà, ṣùgbọ́n igi ni ọmọ fẹ́ràn. Èèkù ọkọ́ àti ti àdá ló ń gbẹ́ lẹ́bàá títì. Ó kọ́kọ́ ti igi tín-ín-rín bọ ẹnu ìbọn láti mọ̀ bóyá ẹ̀tù wà níbẹ̀. Ó ní òun kò tíì fẹ́ kú, òun ṣì fẹ́ràn àwọn ìyàwó òun méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà ló tú èèkù àtijọ́ náà, ó wò ó, ó sì sọ ọ́ síná.

Amọ̀ ló máa ń fi mú àwòrán ọwọ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n kò sí amọ̀ nílé. Ló bá lọ bu iyán àná wá.

“Bàbá, ẹ dì í mú bí ọwọ́ yín ṣe wà lónìí,” ló wí. “Ẹ má dì í mú bí ọ̀dọ́.”

Maurice di iyán mú. Nígbà tó ṣí ọwọ́, ìka mẹ́ta ti wọlé dáadáa, méjì tó kù kàn fara lé ẹ̀gbẹ́ bí àna ọ̀lẹ tó bá wọn dé oko tí kò mú ọkọ́ dání. Àbdùlsàmàd gbé iyán náà sórí páànù kó gbẹ, níbi tí adìyẹ kò ti ní dé. Ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹrin.

Maurice ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó rántí pé òun gbàgbé ọmọ odó síbẹ̀. Ó rò ó, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Igi láàrin igi, ta ni yóò jí i?

Kò sí ẹni tó jí i. Lọ́jọ́ kẹrin, Àbdùlsàmàd gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Èèkù tuntun náà nípọn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ etí díẹ̀ kí ọwọ́ má baà yọ̀, okùn awọ sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n á fi so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, kí ìbọn má baà tún lọ kí ọbẹ̀. Ìka mẹ́ta rí ilé, méjì rí ibi jókòó. Àtàǹpàkò Maurice náà rí ibi kòtò kan, ibi tó dán, ibi tó mọ̀. Ó béèrè ọ̀pá rẹ̀.

Àbdùlsàmàd nawọ́ sí igun. Ìyókù wà níbẹ̀.

“Ọmọ odó ìyàwó mi nìyẹn,” ni Maurice wí.

“Bàbá, ẹ gbé ìbọn wá, ẹ gbé igi gbígbẹ tó dára wá. Mo ṣebí ẹ mú igi yín lọ́wọ́ wá ni.”

“Mo ń fi rìn ni.”

“Ta ló ń fi ọmọ odó rìn?”

Maurice gbé ìbọn, ó gbé àgékù ọmọ odó, ó sì lọ sílé.

Wàhálà tó kù kì í ṣe kékeré. Lójú àwọn ará Akparé, bí ọdún bá pé, ọmọ odó obìnrin tó kú gbọ́dọ̀ padà sílé bàbá rẹ̀; kò gbọdọ̀ sun òru ọjọ́ náà nílé ọkọ. Angèle, àbúrò Céline obìnrin, ni yóò wá gbé e. Maurice ra òmíràn lọ́jà. Ó fi epo pa á, ó fi eérú pa á kó lè jọ ti Céline, ó sì fi gún iyán fún ara rẹ̀ nìkan fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ikùn rẹ̀ wú, ọmọ odó náà ṣì ń dán bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ti ibi máàsì dé. Florent jókòó lábẹ́ àtíbàbà, ìbọn gígùn lórí itan rẹ̀, ó ń fi aṣọ nù ún. Nígbà tí Maurice gbé tirẹ̀ jáde, àwọn obìnrin dìde, wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n gbé e wọ yàrá, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Katikísì náà lọ dúró sẹ́yìn ògiri.

Maurice há okùn mọ́ ọrùn ọwọ́. Ó kọ ẹnu ìbọn sí òkè, ó fà á. Ìbọn dún, èéfín bo ojú rẹ̀. Nígbà tí èéfín lọ, apá rẹ̀ ṣì wà lókè, ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Florent wò ó, ó wo ìbọn tirẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ sẹ́yìn àga.

Angèle wá dìde láti gba ohun tiwọn. Ó gbé ọmọ odó tó wà lára ògiri. Ó wọ̀n ọ́n wò, ó sì fi àtàǹpàkò wá ibì kan lára rẹ̀, kò rí i.

“Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ni eléyìí?”

Maurice ti múra irọ́ tó fẹ́ pa sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan. Kò pa á. Ó tú okùn awọ kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì na èèkù ìbọn náà sí i.

“Ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń dì mú nìyí,” ló wí. “Ìyókù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

Angèle gbà á. Àtàǹpàkò rẹ̀ wọ inú kòtò náà.

“Abájọ tí kò fi bọ́,” ló wí.

Florent ní èyí kò le, kí wọ́n tú èèkù náà, kí wọ́n kó igi lọ, kí àna àwọn mú irin rẹ̀. Maurice mi orí.

“Ẹ má tú u. A ti gé e lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gbé e lọ tìbọn tìbọn.”

Angèle di ìbọn náà mọ́ àgékù ọmọ odó nínú aṣọ kan, ó gbé e rù. Wọ́n gba ọ̀nà Akparé kí oòrùn tó wọ̀. Florent ń tẹ̀ lé e, òun àti ìbọn rẹ̀ tí kò dún, Angèle sì ń bi í léraléra bóyá ó gbé e wá kí ó lè fi lé ẹyẹ ni.

Ọwọ́ Maurice ṣì ká bí ó ti ká mọ́ èèkù, ìka mẹ́ta wọlé, méjì na jáde. Ó fi gbé ọmọ odó tuntun náà, ó fi tẹlẹ̀, ó sì lọ sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n gbé ọbẹ̀ jáde.